Ata Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ní àárọ̀ Àbámẹ́ta, nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Òkè-Àdó, n'Íbàdàn, ìró ọmọ ọlọ ló máa ń jí mi. Màámi á ti kúnlẹ̀ ti ọlọ lẹ́yìnkùlé, tàtàṣé, ata rodo àti àlùbọ́sà á wà nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa lọ̀ wọ́n díẹ̀díẹ̀, á máa fi ọwọ́ gbá wọn jọ sínú ìkòkò. Kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ata yóò fi tán nínú abọ́. Àwa ọmọ mọ̀ pé oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ló ń dún létí wa yẹn.

Aṣọ ni Màámi ń tà ní ọjà Gbági. Láti ọjọ́ Ajé títí di Ẹtì, oòrùn kì í tíì yọ tí yóò fi jáde nílé, ilẹ̀ á sì ti ṣú kó tó dé. Ọmọ márùn-ún ló bí. Iṣẹ́ rélùwéè ni bàbá wa ń ṣe, ó sì lè lo ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́yìn odi kó tó wọlé. Bí ebi bá ń pa wá, ojú ẹnì kan ṣoṣo ni a ó máa wò.

Oṣù kìíní ọdún 1955 ni mo bẹ̀rẹ̀ iléèwé. Ọdún yẹn ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, sọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ. Àwọn tó ń kọ ìtàn máa ń sọ bí ọmọ ṣe pọ̀ ní kíláàsì, bí olùkọ́ ṣe wọ́n. Mi ò tíì rí ẹni tó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nídìí ààrò lọ́dún náà. Kó tó dìgbà yẹn, ọmọ tó wà nílé lè jẹun nígbà tí oúnjẹ bá jinná. Ṣùgbọ́n aago iléèwé kì í dúró de ìkòkò ẹnikẹ́ni. Lójijì, ìyá tó ní ọmọ mẹ́ta tó ń lọ síléèwé ní láti rí i pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wẹ̀, wọ́n ti wọṣọ, wọ́n ti jẹun kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kí òun náà sì tó gbọ̀nà ọjà lọ.

Ògì ló fi borí tàárọ̀. Alẹ́ Ọjọ́rú ló máa ń rẹ àgbàdo sínú omi. Yóò dà á lómi nù lọ́jọ́ kejì, yóò bu òmíràn sí i. Ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin á rù ú lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ, nítorí àgbàdo tó pọ̀ tó yẹn ti kọjá agbára ọlọ. Bí a bá dé, Màámi á ta asẹ́ bo ẹnu ìkòkò, á sì máa sẹ́ ẹ, omi funfun á máa ṣàn wálẹ̀, èèrí á kù sókè fún ewúrẹ́ aládùúgbò wa. Tó bá di àárọ̀, ògì á ti tòrò sísàlẹ̀, omidun á dá dúró lókè. Kò sí ohun tó kù ju ká máa pa omi rẹ̀ dà lójoojúmọ́ kí ó má baà kan jù. Láàárọ̀ ọjọ́ iléèwé, omi á ti hó kí ojú wa tó là tán. Yóò po ògì díẹ̀, yóò da omi gbígbóná lé e, yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, ẹ̀kọ dé. Alákàrà á sì ti máa polówó lójú títì. Àwọn kan wà láyé ìgbà náà tí wọ́n ka àkàrà rírà sí ọ̀lẹ. Màámi kò dá wọn lóhùn. Lójú tirẹ̀, ẹni tó dín àkàrà ti jí láago mẹ́ta òru, kí ló dé tí òun náà yóò tún jí láago mẹ́ta?

Àmọ́ orí ata ni ọ̀rọ̀ mi wà gan-an, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n Màámi pọ̀ sí. Kì í se ọbẹ̀ tán sílẹ̀. Apá tó le jù nínú iṣẹ́ ọbẹ̀, tó ń gba àkókò jù, ló máa ń parí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Bó bá ti lọ ata tán, yóò bọ ata náà lórí iná igi títí omi ara rẹ̀ yóò fi gbẹ pátápátá. Omi ló ń ba ata jẹ́, ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni epo yóò wọlé, tí yóò máa dín in, tí yóò máa rò ó kí ó má jóná, títí epo yóò fi yọ sókè, tí ata á sì pupa rúsúrúsú. Kò ní fi ẹja sí i, kò ní fi ẹran sí i. Ata náà ni ìyá, ọbẹ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni ọmọ. Bó ṣe pè é nìyẹn. Lálẹ́ ọjọ́ Ajé, yóò bu ìgbakọ méjì sínú ìkòkò kékeré, yóò ju ẹja yíyan sí i. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, irú àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí ó rà bó ṣe ń bọ̀ ni yóò bá a pàdé. Ọjọ́rú lè jẹ́ orúnlá, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ilá tí a ti rẹ́, tí a sá gbẹ, tí a gún pa mọ́ láti ìgbà tí ilá ti pọ̀ lọ́jà. Èlùbọ́ wà nínú àpò, gàrí wà nínú agolo. Láàárín ìgbà tí omi àmàlà bá hó, ọbẹ̀ ti jinná.

A kò ní fíríìjì. Ìlànà tí ìkòkò ata náà ní kò gba ìwàkuwà. Àárọ̀ àti alẹ́ la gbọ́dọ̀ gbé e kaná kí ó hó dáadáa. A kì í dé e nígbà tó bá ṣì gbóná, kí oru má baà di omi kó sì ro padà sínú rẹ̀. Ìgbakọ gbígbẹ nìkan ló lè wọ inú rẹ̀. Ọjọ́ tí àbúrò mi tọ́ ọ wò, tó sì dá ìgbakọ padà síbẹ̀, ata náà kan kó tó di Ọjọ́bọ̀, Màámi kò sì nà án. Ó gbé ìkòkò náà síwájú rẹ̀, ó ní kó gbóòórùn rẹ̀. Àbúrò mi ti di bàbá àgbà báyìí, kò tíì gbàgbé òórùn yẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ rí. Màámi á wọlé, á bọ́ gèlè, á bu omi sójú, á gbé ìkòkò kékeré kaná, á sì jókòó lórí àpótí. Kò sí ata tí yóò lọ̀, kò sí àlùbọ́sà tí yóò rẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ìwọ̀n ìṣẹ́jú tí ọbẹ̀ yẹn fi ń hó, tiwa ni. Yóò gbọ́ ẹni tí olùkọ́ nà, yóò wo ìwé wa bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́n kà, yóò tú irun èmi tàbí ti àbúrò mi obìnrin. Mo ti jẹ ọbẹ̀ tó dùn ju ti Màámi lọ. Ìjókòó yẹn ni mi ò rí irú rẹ̀ mọ́.

Èmi náà dàgbà, mo kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1971. Mo lọ́kọ lọ́dún 1974, a gba ilé ní Mọ́kọlá, n'Íbàdàn, ọmọ mẹ́ta sì dé tẹ̀ léra wọn. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ bó ṣe rí: ọ̀sẹ̀ yìí iṣẹ́ àárọ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ iṣẹ́ ọ̀sán, lẹ́yìn náà iṣẹ́ òru. Mo ti pinnu pé ọmọ tèmi kò ní jẹ ata ọlọ́sẹ̀ kan. Oúnjẹ tuntun ni wọn yóò máa jẹ lójoojúmọ́, a ṣáà ti ní sítóòfù, ẹ̀rọ ìlọta sì wà lójú títì. Mo rò pé ìfẹ́ nìyẹn.

Alẹ́ ọjọ́ kan tí mo ti ibi iṣẹ́ ọ̀sán dé, aago mẹ́sàn-án ti kọjá. Ìwé àwọn ọmọ iléèwé wà níwájú ọkọ mi tó ń máàkì, kò mọ ohunkóhun nídìí ìkòkò nígbà náà. Àkọ́bí mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, ti sùn sórí sìmẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù tútù, àwo òfìfo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kó tó sùn, ó ti ní kí wọ́n má gbé òun lọ sórí bẹ́ẹ̀dì, pé màámi òun ń bọ̀ wá dáná. Mo jókòó tì í pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára, n kò lè dìde.

Nígbà tó di Àbámẹ́ta, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Òkè-Àdó. Mo ro ẹjọ́ fún Màámi. Kò bá mi wí. Ó fi ọ̀bẹ àti àlùbọ́sà lé mi lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ìkòkò ata ti wà nílé mi. Nígbà tí a ra fíríìjì, mo tún ṣi ọ̀nà gbà fún ìgbà díẹ̀. Mo rò pé níwọ̀n ìgbà tí òtútù ti wà, mo lè se gbogbo oúnjẹ ọjọ́ méje pọ̀, ìrẹsì, ẹ̀wà, àsáró, gbogbo rẹ̀. Àsáró ṣomi. Ìrẹsì le. Ní ọjọ́ kẹrin, àwọn ọmọ kò fẹ́ rí i sójú mọ́. Iná sì lọ fún ọjọ́ méjì, mo da ìkòkò méjì nù lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, nígbà tí owó oṣù kò tíì wọlé. Mo padà sí ọgbọ́n àtijọ́: kí n parí èyí tó le, kí n fi èyí tó rọrùn sílẹ̀ de ọjọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì, nítorí mo ti rí ọmọ tí ìrẹsì àná gbé dé ilé ìwòsàn. Kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú ìrẹsì tí sísè kì í pa tán. Bí ìrẹsì bá wà nílẹ̀ nínú ooru fún wákàtí púpọ̀, á tú oró sínú rẹ̀, oró yẹn kì í sì í kúrò bí a bá tún gbé e kaná. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ fẹ́ tọ́jú ìrẹsì, ẹ tẹ́ ẹ sínú àwo fẹ̀ǹfẹ̀ kí ó tètè tutù, kí ẹ sì gbé e sínú fíríìjì kí wákàtí méjì tó pé. Ní ti ẹ̀kọ tí mo sọ ṣáájú, òun lásán kò tó ọmọ ọwọ́. A máa ń kọ́ àwọn ìyá láti fi edé gbígbẹ lílọ̀ tàbí ẹ̀wà sóyà sí i. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba tó wà ní Oṣòdì tilẹ̀ ṣe ògì tí wọ́n ti po sóyà mọ́, inú mi sì dùn sí i púpọ̀.

Nílé tèmi nígbà náà, ìrọ̀lẹ́ Àìkú la máa ń se mọ́ínmọ́ín. Iṣẹ́ àwọn ọmọ ni bíbó èèpo ẹ̀wà, wọn á máa fọ́n omi síra wọn lára. Àkọ́bí mi ló mọ ewé eéran kọ́ jù, kì í jò lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ló ń to igi ewé sísàlẹ̀ ìkòkò kí mọ́ínmọ́ín má baà jóná. Ohun tí a bá sè lọ́jọ́ náà ni wọ́n ń gbé lọ síléèwé lọ́jọ́ Ajé, ìyókù á di ti Ìṣẹ́gun, gàrí tútù ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ bí wọ́n bá dé.

Màámi ti papò dà. Lọ́dún 2009, àkọ́bí mi yìí, ẹni tó sùn ti sítóòfù, bí ọmọ kejì ní Lọ́ńdọ̀nù, mo sì lọ bá a wẹ ọmọ ní Peckham. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń ṣe. Ní alẹ́ tí mo dé, mo ṣí fírísà rẹ̀ láti wá yìnyín, mo bá ike áìsìkiríìmù mẹ́jọ níbẹ̀. Kò sí áìsìkiríìmù nínú ọ̀kankan. Ata díndín ló wà níbẹ̀, pupa, kò ní ẹja, kò ní ẹran, ọmọ mi ti kọ ọjọ́ sára ìdérí kọ̀ọ̀kan. Mọ́ínmọ́ín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àti ẹ̀wà tí wọ́n ti bó sílẹ̀. N kò rántí ìgbà tí mo kọ́ ọ. Ó ní òun ń wò mí ni. Ohun kan wà níbẹ̀ tí Màámi kò ní, tí èmi náà kò ní: ọkọ rẹ̀ ló ń ra ata ní Rye Lane lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òun náà ló ń bọ̀ ọ́, ó sì mọ ìgbà tí omi rẹ̀ gbẹ tán. Mo gbàdúrà fún ọmọkùnrin yẹn ní ìdí iná.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ mi dé láti ilé dókítà, ó rẹ̀ ẹ́. Ó ti yọ ike kan sínú fíríìjì láti alẹ́ kí yìnyín rẹ̀ lè yọ́. Ó dà á sínú ìkòkò kékeré, ó ju ẹja sí i, ó fi iná rẹ̀ sílẹ̀ wẹ́rẹ́, ó sì wá jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ wa. Ọmọ rẹ̀ àgbà, tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, gun itan rẹ̀, ó ní kí Màmá Ìbàdàn pa àlọ́ fún òun.

“Ààlọ́ o,” ni mo wí.

“Ààlọ̀,” ìyá àti ọmọ ló jọ dáhùn, ata sì ń hó lẹ́yìn wa.