Kétu Wo?

Fọ́ọ̀mù kan ló dá wàhálà náà sílẹ̀. A fẹ́ yan akọ̀wé tuntun fún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá wa, a sì ní kí olùdíje kọ̀ọ̀kan mú ìwé wá láti ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán wa níṣẹ́ o. Ibi tí a ti rí i lára fọ́ọ̀mù àwọn ẹlòmíràn la ti dà á kọ. Ni ọ̀rẹ́ wa kan bá dìde, ó ní Kétu lòun ti wá.

"Kétu Èkó?"

Ó ní rárá, Kétu ti orílẹ̀-èdè Benin. Gbogbo wa dákẹ́. Ẹnìkan wá sọ ọ́ jáde pé kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè yìí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an la ń kọ́ ọ ní kíláàsì pé ọ̀tọ̀ ni àwọn ènìyàn tí èdè àti ìtàn so pọ̀, ọ̀tọ̀ ni ìjọba tó ní ààlà, tó ń gba owó orí. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè la máa ń pe méjèèjì. Èdè wà nínú ọ̀rọ̀ náà, síbẹ̀ òun la fi ń pe Nàìjíríà, tí èdè ibẹ̀ ju 400 lọ.

Ọmọ Odùduwà ni Kétu. Ní 1886, àwọn ọmọ ogun Dahomey tú ìlú náà ká, wọ́n kó àwọn ará ibẹ̀ lẹ́rú. Kétu ṣì wà ní ahoro nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní Paris ní ọjọ́ 10, oṣù kẹjọ, 1889, tí wọ́n fa ìlà láti etíkun lọ sókè. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tó wà lábẹ́ Aláketu tẹ́lẹ̀, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìpínlẹ̀ Ògùn ló wà lónìí. Kí àwọn ọmọ Kétu tó padà wálé láti tún ìlú wọn ṣe, ẹlòmíràn ti pín ilẹ̀ náà.

Ọ̀rẹ́ wa ò tilẹ̀ sọ gbogbo èyí. Ó kàn ní, "Ìmẹ̀kọ ni ìyá ìyá mi ń gbé. Tó bá wá kí wa ní Kétu, ṣé ó ti di àjèjì nìyẹn?" Lẹ́yìn náà ló bi wá léèrè ibi tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí a jó lọ́jọ́ àṣà ti ṣẹ̀ wá. Ojú tì wá. Kétu ni àwọn àgbà máa ń dárúkọ.

A fa ìlà lé gbólóhùn ìjọba ìbílẹ̀ yẹn lórí, a sì dìbò. Ó wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan bínú jáde. Òun ló ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé wa báyìí, àmì ohùn rẹ̀ sì péye ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n owó ilé-ìwé tó ń san, ti àjèjì ni.