Ìrìn-àjò Wa sí Kétu

Mọ́kọ́lá ni à ń gbé ní ìlú Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni mo bí àwọn ọmọ wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí. Ọmọ Ìbàdàn ni èmi, ṣùgbọ́n ọmọ Kétu ni ọkọ mi. Kì í ṣe Kétu tí ó wà ní Èkó ni mo ń wí o! Kétu àtijọ́ ni, ìlú Alákétu, tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Bàbá ọkọ mi ni ó ti ibẹ̀ wá sí Ìbàdàn ní ìgbà èwe rẹ̀, tí ó ń ránṣọ. Ìbàdàn ni ó ti gbéyàwó, ibẹ̀ náà ni ó sì kú sí. Kí ó tó kú, ó sọ fún ọkọ mi pé, "Àbúrò mi obìnrin ṣì wà nílé. Kó àwọn ọmọ rẹ lọ kí ó rí wọn, kí ọlọ́jọ́ tó dé."

A ti múra láti lọ ní ọdún 2019. Ṣùgbọ́n ní oṣù Ògún ọdún náà, ìjọba Nàìjíríà ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀. Ti Ìdí-Ìrókò, ibi tí a fẹ́ gbà, kò ṣí títí di oṣù Igbe ọdún 2022. Ẹni tí a fẹ́ lọ kí ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ta ni ó mọ̀ bóyá a ó bá a láyé?

Nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi gígùn ní ọdún 2022, a gbéra ní ìdájí. A gba Abẹ́òkúta àti Ṣàngó Ọ̀tà dé Ìdí-Ìrókò. Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ìwé wa, a ṣẹ́ náírà wa sí owó sẹ́fà, a sì sọdá sí Igolo. Bí a ti kọjá báyìí, gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára pátákó di èdè Faransé. Ọmọ wa àgbà, tí ó máa ń gba ipò kìn-ín-ní nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, tẹjú mọ́ wọn títí, kò rí ohun kan kà. Síbẹ̀, Yorùbá ni àwọn obìnrin tí ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà fi ń pè wá. A kọjá ní Sakété àti Pobẹ̀ kí a tó dé Kétu.

Àbígbẹ̀yìn wa bi bàbá rẹ̀ léèrè ìdí tí ìlú baba òun fi wà ní ilẹ̀ òkèèrè. Bàbá rẹ̀ ṣàlàyé fún un. Ní ọdún 1886, àwọn ọmọ ogun Dàhómì fọ́ Kétu, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ẹrú. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dàhómì ni àwọn tí ó kù padà wá tún ìlú wọn tẹ̀ dó. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti jókòó pín ilẹ̀ láàárín ara wọn. Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tí ó wà lábẹ́ Alákétu tẹ́lẹ̀, bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnikẹ́ni kò bi ọmọ Kétu léèrè.

A bá ìyá àgbà lẹ́nu ọ̀nà ilé, ó jókòó lórí àpótí. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó dárúkọ bàbá rẹ̀. Ìyá náà fọwọ́ pa á lójú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì. N kò rí i kí ọkọ mi sunkún rí, àfi ọjọ́ náà.

Àwọn ọmọ ilé jáde wá. Ọ̀kan kí àwọn ọmọ wa ní èdè Faransé. Ọmọ wa àgbà dáhùn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ni wọ́n bá ń wo ara wọn bí ẹni pé wọ́n yadi. Ìyá àgbà pariwo pé, "Ṣé ẹ kò lẹ́nu ni?" Ni ọ̀kan bá ní, "Ẹ káàbọ̀," ariwo sì sọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a lò. Ohùn wọn yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n kò ṣòro láti gbọ́. Ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn ọmọ wa ń pe àpò ìwé ní báàgì, àwọn tibẹ̀ ń pè é ní sákì. Ìyá àgbà ní àpò ni kí gbogbo wọn máa pè é. Èmi náà ní iṣẹ́ tèmi: ọmọkùnrin ọmọ ọdún méje kan wà nínú ilé, "ọkọ mi" ni mo ń pè é, ó sì ń rán mi níṣẹ́ bí ọkọ lóòótọ́!

Wọ́n mú wa lọ wo Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè ìlú láyé àtijọ́, àti yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú ká. Wọ́n sọ ìtàn Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún wa pẹ̀lú; Kétu ni ọ̀pọ̀ àgbà gbà pé ó ti ṣẹ̀.

Ní alẹ́ Sátidé, àwọn ọmọ wa máa ń bá àwọn ará Kétu sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ìyá àgbà ni ó máa ń gbà á kẹ́yìn. Ìbéèrè rẹ̀ kì í yí padà: "Ìgbà wo ni ẹ tún ń bọ̀?"