Ìwé ìwádìí nìkan kò tó

Ẹni tó bá ń wá ìtàn èèyàn rẹ̀ tó bá ìjàǹbá bàálù VC10 ti Nigeria Airways lọ ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, kó má gbára lé ìwé ìwádìí ìjọba nìkan o, kó bi àwọn àgbà ẹbí léèrè pẹ̀lú. Lọ́ńdọ̀nù ni bàálù náà ti gbéra, ó yà ní Róòmù àti Kánò, ó sì já sínú igbó nígbà tó kù díẹ̀ kó balẹ̀ ní Ìkẹjà. Gbogbo èèyàn 87 tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Ẹ̀rọ tó yẹ kó máa gba àkọsílẹ̀ bó ṣe ń fò ò ṣiṣẹ́, nítorí náà ìwé ọ̀hún gan-an ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ohun gbogbo.

Ẹ lè ní ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà máa ń yí padà. Òótọ́ ni, ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, àhesọ kì í sì í wọ́n nígbà ogun. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká fi ìwé yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ìwé á sọ pé ẹsẹ̀ bàálù ti jáde, pé igi ló gbá. Kò ní sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ń bọ̀ wálé wá ṣe. Lẹ́tà àtijọ́ àti ẹbí ló mọ ìyẹn.

Bí ìwé ìwádìí àti ọ̀rọ̀ ẹbí bá wá ta kora ńkọ́, èwo lẹ máa gbà gbọ́?