Àìsùn Nínú Àgọ́ ní Pilton

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní òwe yìí. Mo ti kọ ọ́ sí ojú pátákó, mo sì ti fi í ṣe ìbéèrè ìdánwò. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀ títí di òru ọjọ́ kan ní oṣù kẹfà ọdún 2019, nígbà tí mo dúró ti àgọ́ kan tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, lórí pápá tí wọ́n ti ń da màlúù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí n kò sì mọ ibi tí àbúrò mi wà.

Ní Pilton, ìlú kékeré kan ní agbègbè Somerset, ni pápá náà wà. Worthy Farm ni orúkọ oko náà ń jẹ́. Àgbẹ̀ kan tí ń sin màlúù fún wàrà, Michael Eavis, ni ó bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún orin níbẹ̀ ní ọdún 1970. Bí ènìyàn 1,500 ni ó wá ní ọdún náà. Pọ́n-ùn kan ni oníkálukú san, wọ́n sì fún wọn ní wàrà mu lọ́fẹ̀ẹ́. Àjọ̀dún yìí ni gbogbo ayé mọ̀ sí Glastonbury lónìí. Ní ọdún tí àwa lọ, àwọn tí ó péjọ síbẹ̀ lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́wàá, èyí ni 200,000, tí ọ̀pọ̀ jù lọ wọn sì ń sun inú àgọ́ fún odindi ọjọ́ márùn-ún.

Ibẹ̀ kì í ṣe ibi àjèjì pátápátá fún ọmọ Yorùbá. King Sunny Adé kọrin níbẹ̀ ní ọdún 1983, Fẹlá Aníkúlápó-Kútì sì kọrin níbẹ̀ ní ọdún 1984. Bàbá wa, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kó àwo orin àwọn méjèèjì jọ bí ẹni ń kó owó jọ. Ìdí nìyí tí àbúrò mi, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, fi ra ìwé ìwọlé fún àwa méjèèjì, tí ó ní kí n wá, kí a jọ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ tí àwọn olórin bàbá wa ti tẹ̀ rí.

Àbúrò mi yìí ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Bí omi bá wọ́n nínú ara rẹ̀, bí òtútù bá mú un, tàbí bí ó bá rẹ̀ ẹ́ kọjá àlà, àwọn ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò tẹ̀ bí dòjé, wọn yóò há sí ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ tóóró, ìrora yóò sì bẹ̀rẹ̀ nínú eegun. Ọ̀rọ̀ yìí kì í jáde ní ilé wa. Ọmọ méjì ni ìyá wa ti sin ṣáájú rẹ̀, tí àwọn ará àdúgbò pè ní àbíkú. Ẹ̀rù ń ba ìyá wa pé bí ayé bá gbọ́, kò sí ẹni tí yóò fẹ́ ọmọ òun. Èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí ni ó fi ṣe olùṣọ́ àṣírí náà, mo sì ṣọ́ ọ bí ajá ti ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́rú ni a dé Pilton. Ibi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀ ni a pàgọ́ sí, nítorí pé ní ọdún 2005 òjò ńlá rọ̀ níbẹ̀, àgọ́ púpọ̀ sì rì sínú omi. Àbúrò mi kó aṣọ òtútù, ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ, ìgò omi àti oògùn rẹ̀ dání. Tọkọtaya àgbàlagbà kan tí wọ́n wá láti Wales ni ó pàgọ́ tì wá. Bí a ti kí wọn tán, àbúrò mi fẹ́ sọ bí ara rẹ̀ ti rí fún wọn. Mo fi èdè wa dá a lẹ́kun.

"Ṣé gbogbo ayé ni o fẹ́ tú àṣírí ara rẹ fún ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí, "oorun yín wúwo. Bí nǹkan bá ṣe mí lóru, àwọn wọ̀nyí ni ó sún mọ́ mi."

"Èmi wà níbí," ni mo fi dá a lóhùn. Ó dákẹ́. Mo rò pé mo ti borí.

Ní àwọn ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé e, mo ṣàkíyèsí ohun kan: bí ariwo ibẹ̀ ti pọ̀ tó, ewu ibẹ̀ kì í pariwo. Oòrùn ń fa omi ara ènìyàn nígbà tí ijó ń lọ lọ́wọ́, òùngbẹ kì í sì í tètè sọ fún ni. Àwọn onímọ̀ sọ pé ariwo tí ó bá tó 85 désíbẹ́lì, wákàtí mẹ́jọ ni etí lè fara dà á lóòjọ́. Bí ó bá di 100, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni. Etí kì í sunkún. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń kú. Èédú tí ẹlòmíràn gbé wọ inú àgọ́ nítorí òtútù, bí iná rẹ̀ tilẹ̀ ti kú lójú, ń tú afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn, tí kò sì ní àwọ̀. Irú afẹ́fẹ́ yìí kan náà ni èéfín jẹnẹrétọ̀ fi ń pa odindi ìdílé mọ́ ojú oorun ní ilẹ̀ wa.

Bákan náà ni ti èrò. Ní ọdún 2000, ní àjọ̀dún orin Roskilde ní ilẹ̀ Denmark, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́sàn-án kú láàrin èrò níwájú pèpéle. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn ń tì síwájú, wọn kò sì mọ̀ pé àwọn tí ó wà níwájú kò rí èémí mí mọ́. Ohun tí ẹni iwájú mọ̀ kò dé etí ẹni ẹ̀yìn. Mo ronú lé èyí lórí, síbẹ̀ n kò rí i pé ọ̀rọ̀ ilé tiwa gan-an ni mo ń rò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni oòrùn mú jù. Àbúrò mi kò mu omi tó, nítorí kò fẹ́ máa tò lẹ́yìn èrò ní ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà gbogbo. Nígbà tí ó di ọ̀gànjọ́, afẹ́fẹ́ tutù, ó ní ẹsẹ̀ ń ro òun. Mo rí i pé ojú rẹ̀ ti rọ, ṣùgbọ́n orin ń dùn mọ́ mi. Mo ní kí ó máa lọ, pé mo ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Aago mẹ́ta òru kọjá kí n tó dé. Àgọ́ ṣí sílẹ̀ gbayawu, aṣọ ìbora rẹ̀ wà ní ìta nínú ìrì.

Ìyàwó ará Wales náà ni ó jáde tọ̀ mí wá pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì ní ọwọ́. Ó ní ọkọ òun ti bá àbúrò mi lọ sí àgọ́ àwọn dókítà. Ó ní àwọn gbọ́ ìkérora rẹ̀. Láàrin àwọn tí ó mutí yó ní òru ọjọ́ náà, ta ni ìbá ka ìkérora ọ̀dọ́mọkùnrin kan sí? Bí wọn kò bá mọ̀ ni, ohun tí wọn ìbá rò ni pé ọtí ni ó ń dà á láàmú, wọn ìbá sì yí ẹ̀gbẹ́ kejì sùn. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí mo lọ pọn omi, ó ti sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: orúkọ àrùn náà, bí ó ti ń bẹ̀rẹ̀, àti ibi tí oògùn rẹ̀ wà.

Mo sáré dé àgọ́ ìtọ́jú. Wọ́n ti fi aṣọ tí ó móoru bò ó, wọ́n ń fa omi sí i lára, wọ́n sì ti fún un ní oògùn ìrora. Nọ́ọ̀sì kan bi mí léèrè bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Oògùn ìrora wo ni ara rẹ̀ kì í gbà?" N kò mọ̀. Ó bi mí nípa ìgbà tí ìrora bẹ́ẹ̀ ṣe é gbẹ̀yìn. N kò mọ̀. Bàbá Wales tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó dáhùn ìbéèrè méjèèjì. Èmi tí mo ti ń ṣọ́ àṣírí náà láti ìgbà èwe mi, òfìfo ni àpótí tí mo ń ṣọ́. Àjèjì tí a bá pàdé ní ọjọ́ mẹ́ta péré mọ ọmọ ìyá mi jù mí lọ.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀, ó sì lo ọjọ́ méjì níbẹ̀ kí ara rẹ̀ tó balẹ̀. Nígbà tí ó lè sọ̀rọ̀ dáadáa, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú pé mo rú òfin yín."

Mo ní, "Èmi ni kí o dárí jì."

Láti ìgbà náà, bí a bá fẹ́ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sun ibì kan fún ìdíje àṣà, mo máa ń kọ́kọ́ jókòó tì wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti béèrè bí ara wọn ti rí. Mo ń sọ fún wọn pé kí wọn mu omi kí òùngbẹ tó dé, kí wọn wọ aṣọ gbígbẹ sùn, kí wọn má gbé iná wọ ibi tí wọn ń sùn, kí wọn kúrò láàrin èrò nígbà tí àyè ṣì wà láti yí padà, kí wọn sì fi ẹnu kò sí ibi tí wọn yóò ti pàdé bí wọn bá sọnù. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fi ń ṣe ìpìlẹ̀ ni pé kí oníkálukú ní ẹnì kan nítòsí tí ó mọ ohun tí ó lè ṣe é. Bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní ilẹ̀ wa ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS. Kò sí kíláàsì kan tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn.

Nígbà tí mo padà dé ilé, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ìyá wa. Ó pẹ́ kí ó tó fọhùn. Lẹ́yìn náà ni ó dá orúkọ àwọn ọmọ méjì tí ó sin, èyí tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ó sì sọ bí ìrora ti ṣe wọ́n, láti orí èkíní dé orí èkejì. Ilẹ̀ ṣú bá wa níbẹ̀. A kò tan iná.