Ajá tí Òjò Pa

Ẹni tó bá ń sin ajá n'Ìbàdàn, kó yáa mọ bó ṣe máa mú kí ara rẹ̀ gbẹ, torí òjò kì í béèrè lọ́wọ́ ajá kó tó rọ̀. Ọ̀nà kan ò wọjà lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọ̀nà ló yẹ gbogbo ajá.

Ajá fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Á gbọnra, omi á ta sí ògiri, á ta sáṣọ èèyàn. Lọ́dún 2012, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Georgia Tech, l'Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí jáde lórí gbígbọnra yìí: láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, ajá lè gbọn nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 omi ara rẹ̀ dànù. Torí náà, ẹ má sáré dì í mú. Ẹ jẹ́ kó gbọnra tán ná.

Ṣùgbọ́n Tanímọ̀la tiwa ti darúgbó. Bàbá mi ló rà á lọ́dún mẹ́ta kí wọ́n tó kú, ọdún kọkànlá sì rèé tí wọ́n ti lọ. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ò lágbára mọ́; tó bá fẹ́ gbọnra, ṣe ló máa ń fẹ́ ṣubú. Bọ́rọ̀ ṣe dìjà nílé wa nìyẹn.

Màmá ní ká gbé e sóòrùn, pé bí Bàbá ṣe ń ṣe é nìyẹn. Fún ajá ìbílẹ̀ onírun kúkúrú tára rẹ̀ ṣì le, oòrùn tó. Àmọ́ lóṣù kẹjọ, tójú ọjọ́ ń ṣú látàárọ̀ dalẹ́, oòrùn dà? Àbúrò mi obìnrin, onídìrí ni, gbé dráyà wá láti ṣọ́ọ̀bù. Dráyà dáa fún ajá onírun gígùn, tí ooru rẹ̀ ò bá pọ̀, téèyàn gbé e jìnnà sára, tí ò sì dúró sójú kan, kó má baà jó o láwọ. Bí Tanímọ̀la ṣe gbọ́ ariwo rẹ̀ báyìí, abẹ́ àga ló wọ̀ lọ, ó ń gbọ̀n.

Tówẹ́ẹ̀lì ló kù. Mi ò kì í fi gbo ó; ṣe ni mo máa ń rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára kó lè fa omi, látọrùn dé ìrù. Màá nu etí níbi tọ́wọ́ bá dé, torí etí tómi bá dúró sí lè bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, kó dàìsàn. Màá nu àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá jókòó tì wá bí mo ṣe ń ṣe é, wọn ò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n wọlé, wọ́n mú dàńṣíkí Bàbá kan tó ti ya jáde.

"Fi èyí nù ún. Ó mọ̀ ọ́n."

Tanímọ̀la gbé imú lé e, ó dúró jẹ́ẹ́.

Dráyà ti padà sí ṣọ́ọ̀bù. Dàńṣíkí yẹn wà lórí okùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sẹ́ni tó tún dá a padà sínú àpótí.