Ọkọ ń wakọ̀, ìyàwó ń fẹsẹ̀ rìn nínú òjò dídì

Bí ẹ bá rí ọkùnrin tó jókòó pẹ̀sẹ̀ sínú ọkọ̀, tí ìyàwó rẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́yìn nínú òtútù, tó tún ń bá a ti ọkọ̀ náà, kí lẹ máa sọ? Ẹ ó ní ìkà ọkùnrin ni. Bẹ́ẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún 1979, nílùú Sheffield, lórílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìlú tó kún fún òkè bíi ti Ìbàdàn. Ọkùnrin náà kì í ṣe ìkà o. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló mú un ní kékeré, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ò gbé e. Òfin ìjọba ló sì ní ìyàwó rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ náà.

Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ọkọ̀ ọ̀hún, táyà kan níwájú, méjì lẹ́yìn, bíi kẹ̀kẹ́ Márúwá tiwa. Àmọ́ tiwọn nílẹ̀kùn, fáíbà ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, wọ́n sì kùn ún ní búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Ìjọba ló ń fún àwọn aláàbọ̀ ara lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní Model 70, tí ilé-iṣẹ́ AC àti Invacar ṣe láwọn ọdún 1970, ló pọ̀ jù nígbà yẹn. Ìjókòó kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀. Àga arọ tí wọ́n bá ká ló máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń darí ẹ̀, ọwọ́ náà ni wọ́n fi ń tẹná sí i, tí wọ́n sì fi ń dá a dúró.

Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ṣe yẹ̀yẹ́, pé ó máa ń dojú dé, wọn ò mọ ibi tí wàhálà ẹ̀ wà nígbà òtútù. Tí òjò dídì bá bo títì, mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin máa ń tẹ ipa méjì sílẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á kàn máa tọ ipa náà lọ ni. Ti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ò rí bẹ́ẹ̀. Táyà ẹ̀yìn lè rí ipa tọ̀, ṣùgbọ́n àárín, níbi tí òjò dídì ti gbá jọ bí ebè, ni tiwájú máa bọ́ sí. Bí awakọ̀ bá sì ní kóun gbé tiwájú sínú ipa, tẹ̀yìn kan ti gun ebè nìyẹn, ọkọ̀ á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó tún ku kinní kan. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Model 70 wà, táyà ẹ̀yìn náà ló sì ń ti ọkọ̀ lọ. Ìyẹn dáa tèèyàn bá ń gun òkè. Afẹ́fẹ́ ló tún ń tu ẹ́ńjìnnì yẹn lára, kò lómi tó lè dì. Ṣùgbọ́n iwájú fúyẹ́ bí ìyẹ́. Èèyàn á yí i sọ́tùn-ún, táyà á yí lóòótọ́, ọkọ̀ á sì máa lọ tààrà bí ọmọ tó kọ etí ikún sí ìyá ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, àwọn òṣìṣẹ́ ń yanṣẹ́ lódì káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láwọn ibì kan ò sẹ́ni tó máa da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́. Ó yẹ kí ọkùnrin yìí jókòó sílé. Àmọ́ ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ti kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì nítorí pípẹ́, ó sì mọ bí iṣẹ́ ṣe ṣòro fún arọ láti rí. Ó gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì àti fúláàsì tíì sínú ọkọ̀. Ìyàwó ẹ̀ ní òun á sìn ín dé ìsàlẹ̀ òkè.

“Máa rọra o,” ni obìnrin náà ń wí, “mo wà lẹ́yìn ẹ.”

Wọ́n gun tòkè láyọ̀. Ìgbà tí wọ́n ń sọ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Obìnrin ò lè sáré tẹ̀ lé e mọ́, táyà iwájú gun ebè, ọkọ̀ ò gbọ́ràn mọ́, ó sì yọ̀ lọ bí ọṣẹ títí tó fi lọ rọ́ lu òkìtì òjò dídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò ṣèṣe. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò ná: ẹlòmíì á ṣílẹ̀kùn, á bọ́ọ́lẹ̀, á fẹsẹ̀ ti nǹkan. Ibo ni tiẹ̀ fẹ́ gbà? Ó jókòó sínú fáíbà bí ẹyẹ inú àgò, ó ń wo èémí ara ẹ̀ tó ń bo gíláàsì, títí ìyàwó fi dé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àwọn géńdé méjì tó ń lọ síbi iṣẹ́ ló bá wọn gbé iwájú ọkọ̀ náà kúrò.

Ó dé ibi iṣẹ́, ó pẹ́. Ọ̀gá wo aago, kò sọ nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù jù lọ́jọ́ náà.

Àtọdún 1976 ni ìjọba ti kéde pé àwọn ò ní í fún ẹni tuntun lọ́kọ̀ náà mọ́, owó làwọn á máa fún wọn. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù kẹta, ọdún 2003, wọ́n kó gbogbo èyí tó kù kúrò lójú títì, wọ́n sì run ọ̀pọ̀ nínú wọn. Díẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́.

Ọkùnrin tiwa ò dúró dìgbà yẹn. Kété tí àǹfààní owó náà kàn án, ó dá tiẹ̀ padà, ó gba mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n tún ṣe kó lè fọwọ́ wà á. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jọ jáde, ìyàwó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọn ò tíì rìn jìnnà tó fi di ìjókòó mú gírígírí.

“Gbogbo ọdún tí mo fi ń rìn lẹ́yìn ẹ,” ló wí, “mi ò mọ̀ pé báyìí lo ṣe máa ń sáré!”