Ní Etí Omi Nalubaale

Èkìtì kì í ṣe ilẹ̀ omi ńlá. Ọmọ tí a bí ní Adó yóò mọ òkè kí ó tó mọ odò: ó mọ Olóta ní ìlú rẹ̀, ó mọ Olósùnta ní Ìkéré, ṣùgbọ́n omi tí ó fẹ̀ jù tí ojú rẹ̀ lè rí kí ó tó dàgbà ni èyí tí ìjọba fi ìdídò sé ní Ureje. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ ìṣirò tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Nígbà tí ó di ẹni ọdún 34, ó wọ ètò tí ìjọba Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní ọdún 1987, Technical Aid Corps, èyí tí ń rán àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ lọ sìn fún ọdún 2 ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ùgáńdà ni wọ́n rán an lọ.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ 2 wọ ọkọ̀ ní Kampala, wọ́n forí lé Jínjà, ìrìn nǹkan bí 80 kìlómítà, láti wo ibi tí odò Náílì ti ń jáde lára adágún odò Victoria. Nọ́ọ̀sì ni ọ̀kan, obìnrin Ìlàjẹ tí ó ti lé ní ogójì ọdún, tí àwọn yòókù ń pè ní Ẹ̀gbọ́n. Ẹnjiníà ọmọ Ìbàdàn ni èkejì, kò sì sí ohun tí kì í fi ṣe ẹ̀rín.

Omi náà kúrò ní kékeré. Fífẹ̀ rẹ̀ tó 68,800 kìlómítà níbùú-lóòró. Bí a bá gbé gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkìtì sínú rẹ̀, kò ní gba ìdá kan nínú mẹ́wàá. Speke, ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó dé etí rẹ̀ ní 1858, fi orúkọ ọbabìnrin rẹ̀ pè é, bí ẹni pé omi náà kò lórúkọ tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀, Nalubaale ni àwọn Gáńdà ń pè é, orúkọ tí ó tan mọ́ lubaale, àwọn òrìṣà wọn. Ibi tí Speke ti rí omi náà tí ó ń ṣubú láti di Náílì ní 1862 kò sì sí lójú mọ́. Ìdídò tí wọ́n ṣí ní 1954 ti mú kí omi bò ó.

Ọkọ̀ tí wọ́n san owó rẹ̀ kò yẹ kí ó gbà ju ènìyàn 8 lọ. Àwọn 11 ti jókòó kí ó tó kan àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀wù tí ń mú ènìyàn léfòó kò sì ju 6 lọ. Olùkọ́ ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Ẹ̀gbọ́n dúró.

"Ẹ máa lọ," ni ó wí. "Èmi kò wọ̀ ọ́."

Ẹnjiníà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí wọ́n bí sórí omi! Bí ará Èkìtì bá ń bẹ̀rù, kò burú."

"Nítorí pé wọ́n bí mi sórí omi ni. Wo etí ọkọ̀ yẹn. Ó ku ìka mẹ́ta kí omi wọlé."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí kò rántí ọkọ̀ tí ó dojú dé lórí omi kan náà ní ẹ̀bá Mukono ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2018, tí ènìyàn tí ó lé ní 30 kú. Àpọ̀jù èrò wà nínú rẹ̀, àwọn èrò náà sì ń gbọ́ orin, wọ́n ń jó. Síbẹ̀ ìtìjú wúwo. Owó olùyọ̀ǹda-ara-ẹni kò pọ̀, wọn kò sì ní dá a padà; gbogbo ojú inú ọkọ̀ ń wo olùkọ́ yìí, tí kò mọ̀wẹ̀ rárá. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ. Ẹnjiníà juwọ́ sí wọn, ọkọ̀ sì ṣí.

Wọ́n jókòó sórí òkúta fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Ìwé tí olùkọ́ kà nílé-ẹ̀kọ́ pe irú omi yìí ní adágún odò. Ṣùgbọ́n adágún ni omi tí ó dúró sójú kan, bí èyí tí òjò fi sílẹ̀ nínú kòtò. Èyí ń ru, ó ń lu òkúta bí òkun, níwájú wọn gan-an ni ó sì ti ń sá lọ sí Íjíbítì. Ẹ̀gbọ́n ní bí ó bá jẹ́ ilé òun ni, ọ̀sà ni òun yóò pè é. Olùkọ́ ní ọ̀sà kì í jìnnà sí òkun, iyọ̀ òkun a sì máa dé inú rẹ̀. Èyí jìnnà sí òkun ju bí Adó ti jìnnà sí Èkó lọ. Wọn kò rí i yanjú. Adágún odò náà ni ìwé ṣì ń lò, kò sì burú fún ẹni tí kò tíì dé Jínjà.

Pátákó kan wà níbẹ̀ tí ó sọ pé ibẹ̀ ni orísun Náílì. Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ni kò tíì fi òwe odò àti orísun bẹ̀rẹ̀ àròkọ? Bẹ́ẹ̀, odò Kagera ń gbé omi wá sínú Nalubaale láti Rwanda àti Burundi, òjò ni ó sì ń pèsè èyí tí ó pọ̀ jù nínú omi rẹ̀. Orísun náà ní orísun.

Ọkọ̀ padà láyọ̀. Ẹnjiníà sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò tí ó tutù dé orúnkún, ó ní òun ti ki ẹsẹ̀ bọ Náílì. Ẹ̀gbọ́n kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó ní ìgbín omi ń gbé kòkòrò kan níbẹ̀, ìbátan èyí tí ń fa àtọ̀sí ajá nílé, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ó ra ẹja yíyan fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní alẹ́, olùkọ́ pe ìyá rẹ̀ ní Adó. Ó wá ọ̀rọ̀ títí. Níkẹyìn ó ní òun rí omi kan tí ojú kò lè rí òdìkejì rẹ̀.

"Ṣé o kò wọ ọkọ̀ lórí rẹ̀?"

"N kò wọ̀ ọ́, Màámi."

Ìyá mí kanlẹ̀. "O ṣeun, ọmọ mi. Kí ni o wá rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ lọ ṣe?"